Ilẹ̀ tí ó Fẹ̀, Òfuurufú tí ó ń Fẹ̀: Àríwísí lórí Bí A Ṣe ń Ka Ìtàn Ìṣẹ̀dá Ayé

Ìfáárà

Ilé-Ogbó ni olú-ìlú Ìjọba Ìbílẹ̀ Ayédire ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, kò sì jìnnà sí Ìwó. Ní alẹ́ ọjọ́ kan tí iná mànàmáná lọ ní ìlú náà, èmi àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mélòó kan tí wọ́n ń múra sílẹ̀ fún ìdánwò àṣekágbá ilé-ìwé girama gbé àga jáde síta. Ojú ọ̀run mọ́ kedere. Òṣùpá ṣẹ̀ṣẹ̀ lé, Àgùàlà sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ọ̀rọ̀ di ti bí ayé ṣe ṣẹ̀, mo sì sọ ìtàn Ilé-Ifẹ̀ fún wọn títí dé ibi tí adìẹ ti tan erùpẹ̀ ká tí ilẹ̀ sì fẹ̀. Ọmọkùnrin kan yára dá sí i pé: "Sà, ohun tí àwọn òyìnbó ń pè ní ìbúgbàù ńlá náà nìyẹn. Àwọn baba wa ti mọ̀ ọ́n ṣáájú wọn." Àwọn yòókù pàtẹ́wọ́ fún un. Ọmọbìnrin kan tí kò bá wọn pàtẹ́wọ́ ni ó wá béèrè pé: "Ẹ jọ̀ọ́ sà, níbo ni wọ́n ti rí erùpẹ̀ tí ó wà nínú ìkarahun ìgbín?"

N kò dá a lóhùn bí ó ti yẹ ní alẹ́ ọjọ́ náà. Àpilẹ̀kọ yìí jẹ́ ìgbìyànjú láti san gbèsè yẹn.

Ohun tí ọmọkùnrin náà sọ kì í ṣe èrò tirẹ̀ nìkan. À ń gbọ́ ọ lórí rédíò, à ń gbọ́ ọ níbi àpérò, a sì ń bá a pàdé nínú àpilẹ̀kọ oyè àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa: pé ìtàn ìṣẹ̀dá Ifẹ̀ àti ohun tí sáyẹ́ǹsì sọ nípa ìpilẹ̀ṣẹ̀ àgbáńlá-ayé kò yàtọ̀ síra. Ìdí tí èrò yìí fi wuni kò ṣòroó mọ̀. Wọ́n ti bú ìran wa ní aláìnímọ̀ fún ìgbà pípẹ́, ó sì tọ́ kí á fèsì. Ṣùgbọ́n èsì yìí kò dára tó. Ó ń pa ìtàn náà lára, ó ń pa sáyẹ́ǹsì lára, ó sì ń pa ẹnu ọmọ tí ó fẹ́ béèrè ọ̀rọ̀ dé. Síbẹ̀, a ó fi hàn pé èdè Yorùbá ní ohun iyebíye kan láti fún ìmọ̀ yìí, ohun náà sì wà nínú ìtàn yẹn gan-an: ọ̀rọ̀-ìṣe náà, fẹ̀.

Ohun tí Ìtàn náà Sọ

Nínú ìwé tí E. Bolaji Idowu kọ ní Gẹ̀ẹ́sì lórí Olódùmarè, tí ó jáde ní 1962, báyìí ni ìtàn náà ṣe lọ. Ní ìbẹ̀rẹ̀, omi àti ẹrọ̀fọ̀ ni ó bo ìsàlẹ̀. Ọ̀run wà lókè, ibẹ̀ sì ni Olódùmarè àti àwọn òrìṣà wà. Olódùmarè pe Òrìṣà-ńlá, ó fún un ní erùpẹ̀ nínú ìkarahun ìgbín, pẹ̀lú adìẹ ọlọ́mọ-ìka márùn-ún àti ẹyẹlé. Òrìṣà-ńlá da erùpẹ̀ náà sílẹ̀, adìẹ àti ẹyẹlé sì bẹ̀rẹ̀ sí í tàn án ká. Ọ̀gà ni wọ́n rán láti lọ yẹ iṣẹ́ náà wò. Nígbà àkọ́kọ́, ó ní ilẹ̀ náà ti fẹ̀ ṣùgbọ́n kò tíì gbẹ tó. Nígbà kejì, ó ní ó ti fẹ̀, ó sì ti gbẹ. Láti ara fífẹ̀ yìí ni Idowu ti fa orúkọ Ifẹ̀ yọ.

Ẹ jẹ́ kí á ṣàkíyèsí ohun tí ó ti wà kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Ọ̀run wà. Omi wà. Àwọn òrìṣà wà. Adìẹ, ẹyẹlé àti ọ̀gà wà. Erùpẹ̀ pàápàá ti wà nínú ìkarahun. Ìtàn náà kò bèèrè ibi tí ìkankan nínú wọn ti wá. Ìbéèrè tirẹ̀ ni pé: báwo ni ibi tí ẹsẹ̀ kò ti lè dúró ṣe di ibi tí ènìyàn lè gbé? Ìdí nìyí tí ó fi jẹ́ ọ̀gà ni wọ́n yàn gẹ́gẹ́ bí olùyẹ̀wò. Ọ̀gà a máa fi ẹsẹ̀ tọ́ ilẹ̀ wò kí ó tó tẹ̀ ẹ́. Ìròyìn tí ó mú wá kò ju pé ilẹ̀ ṣe é gbé tàbí kò ṣe é gbé. Ìṣẹ̀dá ilẹ̀ ni ìtàn náà dojú kọ; kò dá lórí oòrùn, òṣùpá àti ìràwọ̀.

Èyí kò dín iyì rẹ̀ kù. Ìtàn tí ó sọ pé iṣẹ́ ìṣẹ̀dá kò parí nígbà tí nǹkan bá ti fẹ̀, pé ó tún gbọ́dọ̀ gbẹ, kí ẹnìkan sì lọ yẹ̀ ẹ́ wò kí á tó kéde rẹ̀, ọgbọ́n ńlá ni ó sọ nípa iṣẹ́ àti ìdájọ́. Bí a bá sọ ọ́ di físíìsì, ọgbọ́n yìí ni a kọ́kọ́ máa pàdánù, nítorí kò sí ibi tí a ó fi ọ̀gà sí nínú ìṣirò.

Ẹ̀dà Wo ni A ń Sọ?

Ẹni tí ó bá ní ìtàn náà àti sáyẹ́ǹsì dọ́gba gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ sọ ẹ̀dà tí ó ní lọ́kàn. Nínú ẹ̀dà kan, Òrìṣà-ńlá, tí í ṣe Ọbàtálá, ni ó parí iṣẹ́ náà. Nínú òmíràn, ó mu ẹmu, ó sùn lọ, Odùduwà sì gba iṣẹ́ náà ṣe. Ìjà tí ó wà láàrin ẹ̀dà méjèèjì yìí jẹ mọ́ ẹni tí ó ní ẹ̀tọ́ sí ilẹ̀ àti oyè ní Ifẹ̀. Samuel Johnson, tí ó parí ìwé ìtàn rẹ̀ ní 1897 ṣùgbọ́n tí ìwé náà kò jáde títí di 1921, gbé erùpẹ̀ àti àkùkọ yìí kan náà sínú ìtàn Ọ̀rànmíyàn, ó sì fi ṣàlàyé ìdí tí ilẹ̀ fi jẹ́ ti Aláàfin. Ohun èlò kan náà ni, ṣùgbọ́n ẹni tí ó jàǹfààní yàtọ̀. Ẹnu Ọ̀yọ́ ni Johnson fi sọ ìtàn tirẹ̀, a kò sì gbọdọ̀ gbàgbé èyí ní agbègbè Ìwó àti Ilé-Ogbó, níbi tí èdè wa ti sún mọ́ ti Ọ̀yọ́ ju ti Ifẹ̀ lọ.

A. B. Ellis, ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì tí ó kọ ìwé lórí Yorùbá ní 1894, ní tirẹ̀, sọ pé obìnrin ni Odùduwà, ó sì pè é ní aya Ọbàtálá. Idowu fúnra rẹ̀ kò dúró sí ìta ọ̀rọ̀ náà. Àlùfáà ìjọ Mẹ́tọ́díìsì ni, ó sì di olórí ìjọ náà ní Nàìjíríà lẹ́yìn náà. Nínú ìtàn tí ó kọ, ọjọ́ mẹ́rin ni wọ́n fi ṣiṣẹ́, wọ́n sì ya ọjọ́ karùn-ún sọ́tọ̀ fún ìsìn. Òǹkàwé tí ó mọ Bíbélì yóò gbọ́ ohùn Jẹ́nẹ́sísì lábẹ́ ìtàn náà. A kò sọ èyí láti bu Idowu kù. Iṣẹ́ rẹ̀ ni ó la ọ̀nà fún gbogbo wa. A sọ ọ́ láti rán ara wa létí pé kò sí ẹ̀dà tí ó dé ọwọ́ wa láìgba ọwọ́ ẹnìkan kọjá.

Bí ẹni tí ó ń sọ ìtàn bá yí padà, ìtàn náà a yí padà, ohun tí ó sì mú kí ó níyì gẹ́gẹ́ bí ìtàn nìyẹn. Ọ̀rọ̀ sáyẹ́ǹsì kò rí bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ orí òkúta kò níí yí padà nítorí pé ìdílé mìíràn jọba.

Ohun tí Sáyẹ́ǹsì Sọ

Ní 1927, Georges Lemaître, ọmọ Bẹ́ljíọ̀mù tí ó jẹ́ onímọ̀ físíìsì àti àlùfáà ìjọ Kátólíìkì, fi ìṣirò hàn pé òfuurufú kò dúró sójú kan. Ó ń fẹ̀. Ní 1929, Edwin Hubble ní Amẹ́ríkà tẹ àbájáde kan jáde tí ó fi hàn pé bí ìṣùjọ ìràwọ̀ kan bá ṣe jìnnà sí wa tó ni ó ṣe ń yára kúrò lọ́dọ̀ wa tó. Ní 1964, Arno Penzias àti Robert Wilson bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ ariwo kan tí kò dáwọ́ dúró lórí ẹ̀rọ wọn, ibi yòówù kí wọ́n kọjú rẹ̀ sí lójú ọ̀run. Ìyókù ooru ìgbà ìbẹ̀rẹ̀ ni. Lónìí, àwọn onímọ̀ ṣírò ọjọ́ orí àgbáńlá-ayé sí nǹkan bíi bílíọ̀nù 13.8 ọdún.

Nípa ohun tí ó wà nínú rẹ̀, ìdá 5 péré nínú ọgọ́rùn-ún ni ohun tí a mọ̀, èyí tí a fi ṣe ìràwọ̀, omi, igi àti ènìyàn. Nǹkan bí ìdá 27 jẹ́ ohun tí kì í tan ìmọ́lẹ̀, tí a mọ̀ pé ó wà nítorí bí ó ṣe ń fa àwọn ìràwọ̀. Nǹkan bí ìdá 68 tí ó kù ni agbára kan tí ó ń mú kí fífẹ̀ náà máa yára sí i, tí sáyẹ́ǹsì kò sì tíì mọ ohun tí ó jẹ́.

Ti agbo oòrùn wa kò pẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Ní nǹkan bíi bílíọ̀nù 4.6 ọdún sẹ́yìn, ìkùukùu gáàsì àti eruku kan sún kì, ó sì wó sínú ara rẹ̀. Àárín rẹ̀ di oòrùn, tí ó kó ju ìdá 99 nínú ọgọ́rùn-ún lọ nínú gbogbo ìwọ̀n ohun tí ó wà nínú agbo náà. Ìwọ̀nba tí ó ń yí i po ni ó di pílánẹ́ẹ̀tì mẹ́jọ, òṣùpá wọn, àti àìmọye òkúta kéékèèké.

Níhìn-ín ni a ti lè dá ọmọbìnrin Ilé-Ogbó lóhùn. Ní ìṣẹ́jú mélòó kan àkọ́kọ́, háídrójìn àti hílíọ̀mù ni ó wà, pẹ̀lú ìwọ̀nba díẹ̀ nínú àwọn èròjà mìíràn tí ó fúyẹ́. Ẹnikẹ́ni kò lè fi wọ́n ṣe erùpẹ̀. Ọ́síjìn àti sílíkọ́ọ̀nù tí wọ́n para pọ̀ di yanrìn, àti irin tí ó ń sọ ilẹ̀ di pupa, ọ̀dọ̀ àwọn ìràwọ̀ tí wọ́n ti kú kí oòrùn wa tó wà ni wọ́n ti wá. Àwọn ìràwọ̀ náà sè wọ́n nínú ooru wọn, wọ́n sì tú wọn dà sí òfuurufú nígbà tí ikú wọn dé. Ìbéèrè ọmọ náà ni sáyẹ́ǹsì béèrè. Ìtàn náà bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí erùpẹ̀ ti wà. Sáyẹ́ǹsì fẹ́ mọ ibi tí erùpẹ̀ ti wá. Ẹni tí ó bá sọ fún ọmọ náà pé ọ̀kan ni méjèèjì ti sọ fún un, láìmọ̀, pé ìbéèrè rẹ̀ kò ní ìtumọ̀.

Àwa kọ́ ni a kọ́kọ́ ṣe irú àṣìṣe yìí. Ní 1951, Póòpù Pius Kejìlá sọ ọ̀rọ̀ kan níwájú àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ní Róòmù, tí ó jọ pé ó fi ìmọ̀ tuntun yìí ti ìgbàgbọ́ nínú Ẹlẹ́dàá lẹ́yìn. Lemaître, tí ó yẹ kí inú rẹ̀ dùn jù lọ, kò fara mọ́ ọn. Àlùfáà ni, ó gba Ọlọ́run gbọ́, ṣùgbọ́n kò fẹ́ kí á so ìgbàgbọ́ rẹ̀ mọ́ ìṣirò rẹ̀, nítorí pé ìṣirò lè yí padà lọ́la. Bí ìṣirò bá yí padà, kí ni ẹni tí ó ti ní àwọn baba wa ti mọ̀ ọ́n yóò wá sọ?

Fẹ̀ àti Ìbúgbàù

A dé ibi tí ọ̀rọ̀ kan àwa onímọ̀ èdè gan-an. Láti inú orúkọ tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń lò ni a ti túmọ̀ "ìbúgbàù ńlá". Ṣùgbọ́n orúkọ ìnagijẹ ni orúkọ náà. Fred Hoyle ni ó dá a sílẹ̀ lórí rédíò BBC ní 1949, Hoyle kò sì gba tíọ́rì náà gbọ́. Orúkọ tí alátakò fún nǹkan ni a túmọ̀, a sì sọ ọ́ di ìmọ̀.

Ẹ wo àwòrán tí ìtumọ̀ náà gbé wá sọ́kàn. Gbàù jẹ́ ọ̀rọ̀ ìró. Ohun tí ó bá bú gbàù, ó bú níbì kan. Ibòmíràn wà tí a ti gbọ́ ọ. Àwókù rẹ̀ sì fò lọ sí ààyè tí ó ti ṣófo tẹ́lẹ̀. Kò sí ọ̀kan tí ó tọ̀nà nínú ìwọ̀nyí. Kò sí ibì kan pàtó tí ó ti ṣẹlẹ̀, nítorí gbogbo ibi ni ó ti ṣẹlẹ̀. Kò sí ìta. Àwọn ìṣùjọ ìràwọ̀ kò fò la ààyè kọjá. Ààyè tí ó wà láàrin wọn ni ó ń pọ̀ sí i, bí ìyẹ̀fun búrẹ́dì tí ó ń wú ṣe ń mú kí ohun tí a pò mọ́ ọn jìnnà síra láìjẹ́ pé wọ́n rìn.

Èdè Yorùbá ní ọ̀rọ̀ tí ó sàn ju èyí lọ. Bí a bá ní nǹkan tú ká, ó ní ibi tí wọ́n tú ká sí. Bí a bá ní ó wú, ó ní ara tí ojú ń rí láti ìta. Ṣùgbọ́n bí a bá ní nǹkan fẹ̀, a kò sọ pé ẹnìkan fà á, a kò sì sọ pé ó gba ààyè nǹkan mìíràn; ohun náà fúnra rẹ̀ ni ààyè rẹ̀ pọ̀. Ohun tí Lemaître ṣírò gan-an nìyí. Ìmọ̀ràn wa ni pé kí á máa lo "ìfẹ̀ àgbáńlá-ayé" dípò ìbúgbàù ńlá, kí á sì máa sọ "ìbẹ̀rẹ̀ ìfẹ̀" fún àkókò àkọ́kọ́ náà.

Ẹnìkan lè takò wá pé ọ̀rọ̀ yìí ni yóò tún ti àṣìṣe ọmọkùnrin Ilé-Ogbó lẹ́yìn, nítorí pé fẹ̀ náà ni ó wà nínú Ifẹ̀. Ìbẹ̀rù yìí ní ìdí, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan lè sin ọ̀gá méjì láìda ọ̀kan. Àpẹẹrẹ rẹ̀ ni sánmà. Láti inú èdè Lárúbáwá ni a ti yá a. Ní àyíká Ìwó, níbi tí ẹ̀kọ́ Ìsìláàmù ti fìdí múlẹ̀, ọ̀rọ̀ kan náà ni àfáà ń lò fún sánmà méje tí àgbẹ̀ sì ń lò nígbà tí ó bá ní sánmà ṣú, kí á tètè kó àgbàdo wọlé. Kò sí ẹni tí ó rò pé òjò àgbẹ̀ ń ti sánmà keje bọ̀. Bákan náà ni a lè fi fẹ̀ sọ ti ilẹ̀ Ifẹ̀ àti ti òfuurufú. Ti àkọ́kọ́ ní adìẹ tí ó tan erùpẹ̀, ó ní omi tí erùpẹ̀ bò, ó sì ní ọ̀gà tí ó rin orí rẹ̀. Ti èkejì kò ní ìkankan nínú wọn. Ọ̀rọ̀ ni a yá. A kò yá ẹ̀rí.

Àgùàlà: Ohun tí Ojú Rí àti Ohun tí Ó Fà Á

Bí a bá ń wá ohun tí àwọn baba wa mọ̀ nípa ojú ọ̀run, kí á wò ó níbi tí wọ́n ti fi ojú wọn wò ó. Àwọn àgbà ń pe Àgùàlà ní Ajá-Òṣùpá, nítorí pé ó máa ń tọ òṣùpá tuntun lẹ́yìn. Ohun tí wọ́n rí tọ̀nà. Ṣùgbọ́n oòrùn ni Àgùàlà kì í jìnnà sí. Òun ni pílánẹ́ẹ̀tì tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní Venus, ó sì sún mọ́ oòrùn jù wá lọ. Níbi tí a ti ń wò ó, kò lè jìnnà sí oòrùn ju ìwọ̀n 47 lọ nínú 360 tí ó yí ojú ọ̀run po. Nítorí náà, àṣálẹ́ tàbí òwúrọ̀ kùtùkùtù ni à ń rí i. Òṣùpá tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ lé náà kì í jìnnà sí oòrùn tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ̀. Ibẹ̀ ni àwọn méjèèjì ti ń pàdé. Orúkọ náà pa ohun tí wọ́n rí mọ́ fún wa; ìdí tí ó fi rí bẹ́ẹ̀ jẹ́ iṣẹ́ mìíràn. Bí a bá kọ́ ọmọ ní méjèèjì, kò pàdánù ọ̀kankan.

Lórí Àgùàlà yìí kan náà, ibì kan wà tí àjọ àgbáyé tí ó ń fún àwọn ohun ojú ọ̀run lórúkọ pè ní Oduduwa Corona. Òfin wọn ni pé kí irú ibi bẹ́ẹ̀ máa jẹ́ orúkọ òrìṣà obìnrin tí ó jẹ mọ́ ilẹ̀ àti ìbímọ. Odùduwà tí ó jẹ́ obìnrin ni ó borí níbẹ̀. Odùduwà tí ọ̀pọ̀ wa ń pè ní baba kò rọ́nà wọlé. Lórí Io, ọ̀kan nínú àwọn òṣùpá Júpítà, Shango Patera wà níbẹ̀ pẹ̀lú. A lè fi èyí yangàn bí ó bá wù wá. Ṣùgbọ́n orúkọ wa ni ó ti dé ibẹ̀, èdè wa kò tíì dé ibẹ̀. Kò sí nǹkan kan tí a mọ̀ sí i nípa Io nítorí pé ó jẹ́ orúkọ Ṣàngó.

Àgbálọgbábọ̀

Iṣẹ́ lámèyítọ́ ni láti sọ ohun tí ìtàn sọ àti ohun tí kò sọ. Ìtàn Ifẹ̀ sọ bí ilẹ̀ ṣe di ibùgbé àti ẹni tí ó lè pè é ní tirẹ̀. Kò sọ bí erùpẹ̀ ṣe ṣẹ̀, kò sì yẹ kí á fi ipá mú un sọ ọ́. Bí a bá fẹ́ kí Yorùbá ní ọwọ́ nínú ìmọ̀ àgbáńlá-ayé, iṣẹ́ mìíràn ni ó wà nílẹ̀ fún wa.

A mọ̀ pé iṣẹ́ náà ṣe é ṣe. Ní 1970, Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò kan tí wọ́n fi èdè Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní gbogbo ẹ̀kọ́, títí kan sáyẹ́ǹsì, fún ọdún mẹ́fà. Èdè Gẹ̀ẹ́sì nìkan ni wọ́n fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́. Ní 1984, Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú ìwé èdè-ìperí tí gbogbo wa ń lò fún ẹ̀kọ́ èdè àti lítíréṣọ̀ títí di òní. A kò ní irú rẹ̀ fún ìmọ̀ ojú ọ̀run. Ní Ilé-Ifẹ̀ kan náà tí wọ́n ní adìẹ ti tan erùpẹ̀, nínú ọgbà Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, ibùdó ẹ̀kọ́ ìmọ̀ òfuurufú kan wà fún àwọn orílẹ̀-èdè Áfíríkà tí ń sọ Gẹ̀ẹ́sì, èdè Gẹ̀ẹ́sì sì wà nínú orúkọ rẹ̀. Ẹ̀ka ẹ̀kọ́ Yorùbá wà nínú ọgbà náà pẹ̀lú. Kò yẹ kí ọ̀nà tí ó wà láàrin àwọn méjèèjì hu koríko.

Kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa tí wọ́n ń wá àkòrí fún àpilẹ̀kọ oyè lọ gba orúkọ àwọn ìràwọ̀ sílẹ̀ lẹ́nu àwọn àgbà, ní Ilé-Ogbó àti níbòmíràn, kí wọ́n sì bi wọ́n ní oṣù àti wákàtí tí wọ́n ń rí wọn. Kí wọ́n jókòó ti àwọn onímọ̀ físíìsì, kí wọ́n dán ọ̀rọ̀ bíi fẹ̀ wò nínú gbólóhùn gidi. Kí àwọn olùkọ́ sì sọ ìtàn náà fún àwọn ọmọ pẹ̀lú gbogbo adùn rẹ̀. Nígbà tí ọmọ kan bá wá béèrè ibi tí erùpẹ̀ ti wá, kí wọ́n má ṣe pàtẹ́wọ́ bò ó mọ́lẹ̀.